Ààlè Ìdí Agbálùmọ̀

Ẹ má wo ewú orí mi, ẹ má sì wo gbogbo ọdún tí mo fi jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ tí mò ń kọ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀. Mo ti jalè rí. N kò yọ́ wọ ilé onílé, n kò sì ki ọwọ́ bọ àpò ẹnikẹ́ni. Òfin ni mo fi jalè, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sì ni mí nígbà náà. Ní Fìdítì ni, ní agboolé bàbá tó bí bàbá mi, lọ́dún tí ọyẹ́ pẹ́ nílẹ̀ tí agbálùmọ̀ kò so dáadáa. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí n kì í pariwo lé ọmọ tó bá ṣẹ̀ lórí, tí mo kàn máa ń dákẹ́ dúró dè é. Wọ́n rò pé iṣẹ́ kóòtù ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kóòtù kọ́, ọ̀dọ̀ ará Akinmorin kan ni mo ti kọ́ ọ.

Àwọn òbí mi ń ṣe iṣẹ́ tíṣà lọ́nà jíjìn, wọ́n sì fi mí sọ́dọ̀ Bàbá Àgbà àti Ìyá Àgbà kí n lè gba ẹ̀kọ́ ilé. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà yóò ti máa dún láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ràfíù, ti di Mùsùlùmí, nítorí náà a ó gbọ́ ìró omi àlùwàlá rẹ̀ lórí òkúta. Kò ní pẹ́ tí Bàbá Àgbà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé, yóò gbé orin tirẹ̀ nínú yàrá, pẹ̀lú ohùn tó máa ń já ní ìlà kẹta. Èkíní kì í sọ pé ariwo èkejì pọ̀. Tèmi ni kí n pọn omi kún àmù méjì, kí n kó eérú kúrò nídìí àdògán, kí n sì sáré lọ ra ẹ̀kọ kí tìyá ẹlẹ́kọ tó tán. Bí mo bá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, Ìyá Àgbà yóò ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìgbín lo fẹ́ dà ni?" Àkàrà gbígbóná ni wọ́n fi máa ń pẹ̀tù sí mi nínú.

Ní ìrọ̀lẹ́, abọ́ kan ni àwa ọmọdé máa ń fi jẹun. Bí a bá jẹ iyán tán tó wá ku ẹran, ẹnìkan nínú wa ni yóò pín in, ẹni tó bá sì pín in ni yóò mú kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé òfin yìí fún wa; a bá a nílé ni. Ẹ wá wo bí ọmọ tí kò mọ ìṣirò ní ilé ìwé ṣe ń fojú wọn ẹran, tí yóò gé e, tí yóò tún un gé, kí ègé kan má baà ju èkejì lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ tán rí i pé bísíkíìtì méjì ni mo fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀kan ni mo fún òun. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì ju tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Ìwàásù kò tíì yé e, ọlọ́pàá kò sì bá a sọ̀rọ̀ rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìrẹ́jẹ ti máa ń dun ọmọ aráyé kí ó tó mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Nínú gbogbo ohun tí Ìyá Àgbà fi hàn mí, ààlè ló yà mí lẹ́nu jù. Bí wọ́n bá ṣẹ́ igi ìdáná ní oko wa lọ́nà Imini, tí wọn kò lè rù ú tán, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n máa ń to ìyókù sí, ní gbangba níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Wọn yóò wá so àkísà pupa àti ṣùkù àgbàdo pọ̀, wọn yóò kì í bọ àárín igi náà, a ó sì máa lọ sílé. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tó bá mú igi yìí, kó di alákìísà, kó sì ṣẹ́ kù ní ìhòòhò bíi ṣùkù tí wọ́n ti jẹ àgbàdo ara rẹ̀ tán. Ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá, igi yóò wà níbẹ̀ pérépéré. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Àgbà, ta ló ń bá yín ṣọ́ ọ?" Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Ẹni tó bá rí i ló ń ṣọ́ ọ." Èmi rò pé àkísà náà ní ojú ni, mo sì ń rìn jìnnà sí i.

Láàárín agboolé wa ni igi agbálùmọ̀ kan wà, ẹ̀ka rẹ̀ kan nà sórí páànù ilé ìdáná. Kò sí ẹni tó ni ín. Àwọn kan ní bàbá tó bí Bàbá Àgbà ló gbìn ín, Ìyá Àgbà ní ẹyẹ ló gbìn ín. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: a kì í gùn ún, a kì í lẹ̀ ẹ́ lókò, èyí tó bá fúnra rẹ̀ bọ́ sì jẹ́ ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Òfin yìí dára fún gbogbo ènìyàn, àfi èmi tí oorun ń pa. Ràfíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn bíi ti lékeléke. Bí bàbá rẹ̀ bá ti dìde kírun ni òun náà ti dìde, tí yóò sì ti dé ìdí igi. Nígbà tí èmi bá fi máa la ojú, yóò ti mu gbogbo rẹ̀ tán, yóò wá to kóró rẹ̀ sílà sẹ́nu ọ̀nà mi, kí n lè ka iye tí mo pàdánù. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun Bàbá Àgbà. Wọ́n ní kí n máa tètè jí.

Ẹni kan ṣoṣo tó máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni Ìyàwó. Akinmorin ni Bọ̀dá Láyí, àbúrò bàbá mi, ti fẹ́ ẹ. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn ni Bọ̀dá Láyí ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Sátidé nìkan la máa ń rí i. Ìyàwó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ wa, kò tíì bímọ. Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ ní orúkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó, nítorí ọmọ náà ti wà nílé kí ó tó dé. Orúkọ mìíràn ni yóò fún un. Ràfíù ń jẹ́ Gìrìpá lẹ́nu rẹ̀, èmi ń jẹ́ Eyínfúnjowó, nítorí ẹ̀rín kò jìnnà sí mi. Òun ló ń di irun fún gbogbo obìnrin ilé, pẹ̀lú òòyà onígi tí ìyá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òòyà tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ kékeré sí lórí. Bí ó bá ń dì mí nírun, ó máa ń kọrin lábẹ́lẹ̀, yóò sì tọ́jú ìrẹsì tó jóná mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò dè mí, nítorí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ràn tó o lágboolé yẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan tí mo ti ilé ìwé dé, mo rí òòyà náà lórí ààtàn. Eyín rẹ̀ méjì ti kán, ara rẹ̀ sì ti là. Ẹyẹ orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo mú un. Ibi tí mo dúró sí yẹn gan-an ni èrò burúkú ti wọ̀ mí lọ́kàn. Mo wá àkísà pupa, mo wá ṣùkù àgbàdo, mo fi òòyà kún un kí ó lè rí bíi ti àgbà, mo sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ ara igi agbálùmọ̀ níbi tí ọwọ́ mi lè dé. Mo rò pé gbogbo àwọn àgbà wà lóko. Èrò mi ni pé Ràfíù yóò rí i, ẹ̀rù yóò bà á, èmi tí mo mọ̀ pé kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ yóò wá máa ṣa agbálùmọ̀ mi ní ìrọ̀rùn. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ohun tí gbogbo wa jọ ni ni mò ń sọ di tèmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ràfíù dé ìdí igi, ó sì fà sẹ́yìn. Inú mi dùn, àmọ́ ayọ̀ mi kò tó wákàtí kan. Ìyá Àgbà tó ń gbálẹ̀ fi ìdí igi sílẹ̀ láìgbá. Bàbá Àgbà jáde, wọ́n wo ààlè náà pẹ́, wọ́n sì yà lọ. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé èmi náà kò lè ṣa nǹkankan níbẹ̀ mọ́, torí ẹni tí wọ́n bá rí pé ó ṣa á, òun ló so ó. Òfin tí mo ṣe ti ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi náà síta. Ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, agbálùmọ̀ ń bọ́ lórí páànù, gbà, ó ń yí lọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bojú wò ó. Ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, eṣinṣin ń kùn lé e lórí. Ó mà ṣe o, àkísà kan ṣoṣo, àgbàlagbà mẹ́fà ló ń yí ẹsẹ̀ padà nítorí rẹ̀.

Ìyá Ràfíù ló kọ́kọ́ dá òòyà mọ̀. Òun ni ìyálé gbogbo ìyàwó ilé, ojú rẹ̀ sì mú. Ó pe Ìyá Àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ wo ẹyẹ orí rẹ̀. Ta ló ni ín nílé yìí bí kò ṣe Ìyàwó? Òun ò rọ́mọ bí, kò wá fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn mu agbálùmọ̀." Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbé orí fún Ìyàwó dì mọ́. Ó se ọbẹ̀, wọ́n ní inú ń run àwọn. Bàbá Ràfíù sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ pé bóyá kí ó kọ́kọ́ lọ gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ná, títí ọ̀rọ̀ yóò fi lójú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó tí kò tíì bímọ, tí irú ẹ̀sùn báyìí bá sì tẹ̀ lé lọ sílé bàbá rẹ̀, kì í rọrùn kó tó padà. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ Sátidé tí ọkọ rẹ̀ yóò dé, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àwọn àgbà ní aṣebi lara ń fu. N kò lè gbé ẹ̀kọ mì mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ààlè ló fẹ́ mú mi, mo ń wo aṣọ mi bóyá ó ti ń ya di àkísà, mo ń fọwọ́ kan irun mi bóyá ó ti ń re. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, kò sí ohun tó re, ara mi dá ṣáṣá, síbẹ̀ inú mi kò sinmi. Mo bá Ìyàwó nídìí kànga, ó ń fa omi, kò kọrin. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ṣé o jẹun?" Ohùn rẹ̀ tutù. Mo dáhùn pé mo jẹun, irọ́ sì ni. Bí ó bá bínú sí mi, ì bá tù mí lára. N kò bẹ̀rù ààlè mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé Ìyàwó kò kọrin, èmi ni mo sì gba orin náà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ igi. Bọ̀dá Láyí jókòó, ó di orí mú. Ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àgbà, ó kẹ̀yìn sí ibi tí àwa ọmọdé wà. Bàbá Àgbà bi í pé, "Ìyàwó, ṣé ìwọ lo ni òòyà yìí?" Ó ní, "Èmi ni mo ni ín, bàbá. Ó kán, mo sì jù ú sí ààtàn." "Ṣé ìwọ lo so ó mọ́gi?" "Èmi kọ́ o, bàbá." "Ṣé o mọ ẹni tó so ó?" Ó dákẹ́. Ìyá Ràfíù pòṣé. Agbálùmọ̀ kan bọ́ láàárín wọn, gbì, kò sẹ́ni tó wò ó. Ìdákẹ́ rẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi lójú gbogbo wọn, mo rí i lójú ọkọ rẹ̀ pàápàá. Bàbá Àgbà wá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi ò béèrè pé ta ló so ó mọ́. Ẹni tó so ààlè ló ń tú u. Kí ẹni náà wá tú u, kí á lè máa gbálẹ̀ ìdí igi wa." Ẹnikẹ́ni kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ títí òòrùn fi wọ̀, mo bọ́ nìyẹn.

Mo dìde. Títí di òní, n kò lè sọ ẹni tó gbé mi dìde, ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀, orí mi mọ̀ lẹ́yìn. Mo lọ bá igi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kókó tí mo ta kò tú, nítorí ọmọdé kì í mọ kókó ta, ó kàn ń ta á lé ara wọn ni. Mo fi eyín já a. Nígbà tí òòyà bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹkún gbà mí, mo dojúbolẹ̀ níbẹ̀, mo ní Ràfíù ni mo fẹ́ fi dẹ́rù bà, mo ní kí wọ́n má lé Ìyàwó lọ. Ìyá Ràfíù dìde, ó ní kí wọ́n mú pàṣán wá. Bàbá Àgbà ní, "Jókòó. Ojú ti tì í. Ìtìjú ti nà án kí pàṣán tó dé. Ẹ̀yin rò pé ààlè ló ń ṣọ́ igi yín lóko? Ojú tó ń tini ló ń ṣọ́ ọ. Ojú ti ń tini kí ẹnikẹ́ni tó ṣòfin láyé, ọjọ́ tí kò bá sì tini mọ́, gbogbo ààlè di àkísà."

Wọ́n wá dá ẹjọ́ méjì. Èkíní, kí n máa tètè jí títí agbálùmọ̀ yóò fi tán lọ́dún náà, kí n ṣa gbogbo èyí tó bá bọ́, kí n pín in kárí ilé, kí n sì mú tèmi kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nídìí abọ́ ẹran. Èkejì ló yà wá lẹ́nu. Wọ́n na òòyà tó kán náà sí Ìyàwó, wọ́n ní kí Ìyá Ràfíù wá jókòó nílẹ̀ kí Ìyàwó di irun rẹ̀. Ìyá Ràfíù wò wọ́n bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè, ó jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún Ìyàwó, ó sì gbé orí fún un. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó gbé orí fúnni ti fọkàn tánni. Ìyàwó la irun rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó dì í dé ìdajì, Ìyá Ràfíù ní láìgbójúsókè, "Má bínú, ẹnu mi ló gùn." Ìyàwó ní kò sí nǹkan, kí wọ́n kàn tẹ orí sí apá ọ̀tún díẹ̀.

Mo ti gbọ́ ẹjọ́ tó lè kún àgbá láti ìgbà náà. Mo ti rí agbẹjọ́rò tó mọ ìwé, mo ti rí àwọn tó fi Bíbélì àti Kùránì búra tí wọ́n sì purọ́ láìṣẹ́jú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn pé ọba ló mú òfin wá, àwọn mìíràn ní ẹ̀rù ni, àwọn kan ní láti ìgbà tí ènìyàn ti ń jọ ṣọdẹ tí wọ́n jọ ń pín ẹran ni. Èmi kò bá wọn jiyàn. Mo kàn mọ̀ pé mo ti mọ ohun tó tọ́ láti ìdí abọ́ ẹran, síbẹ̀ mo ṣe èyí tí kò tọ́, ó sì ní láti jẹ́ pé ẹni tí mo fẹ́ràn ń jìyà rẹ̀ níwájú mi kí ẹsẹ̀ mi tó gbéra. Mo dúpẹ́ pé ilé tí mo ti ṣẹ̀ ni ilé tí wọ́n ti fún mi láyè láti dìde. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti mú kí wọ́n tó lè jẹ́wọ́, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ láé bóyá àwọn ì bá jẹ́wọ́. Ìyàwó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, Eyínfúnjowó náà ló ṣì ń pè mí lórí fóònù.

Ohun kan ló kù tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìdájọ́, agbálùmọ̀ méje ni mo ṣa. Mo pín in yí ilé ká, mo gbé ti Ìyàwó lọ bá a ní yàrá rẹ̀, ó sì là á sí méjì, ó fún mi ní apá kan nítorí èyí tó kù fún mi ti fọ́. A ń mu ún nígbà tó sọ pé, "Mo rí ọ lọ́jọ́ tí o mú òòyà yẹn ní ààtàn." Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ kò wí?" Ó ní, "Bí mo bá wí, ẹjọ́ ìyàwó pẹ̀lú ọmọ ilé ni. Ta ló ń dá irú rẹ̀ fún ìyàwó? Mo ní kí n dúró dè ọ́." Mo bi í pé bí n kò bá wá dìde ńkọ́. Ó kàn fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì yíjú wò ó. Ẹrù rẹ̀ wà níbẹ̀ ní dídì, aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ló fi dì í, ó sì ti fún kókó rẹ̀ le. Mo jókòó tì í, a sì jọ tú u.